Ọnọrébù Burleigh Nínú Ọgbà Ẹran

"Òfin tí èmi Zadok Burleigh bá fọwọ́ mi ṣe, ẹran ò lè já a, èèyàn ò lè já a, àní èmi tí mo ṣe é gan-an, bí mo bá feyín fà á, kò ní já!"

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, tí á máa fi ìkúùkù lu tábìlì ilé ọtí, tí ife ọtí ápù mi á máa fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà sórí ní Weldon. Bí ẹ bá jí wa lójú oorun tí ẹ ní, "Òfin tí èmi Zadok Burleigh," a ó bá yín parí rẹ̀ kí a tó lajú. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ń gbọ́ ọ.

Òfin wo? Òfin ọgbà ẹran ni. Ọgbà ẹran ìlú wa wà ní etí pápá, ó kọjú sí ilé ìpàdé gan-an: ògiri òkúta mẹ́rin tó ga ju èèyàn lọ, ilẹ̀kùn onígi kan, ẹrẹ̀ ní àárín. Ẹran tó bá ń jẹ̀ káàkiri, ibẹ̀ la ń tì í mọ́ títí ẹni tó ni ín á fi wá gbà á. Láyé ọjọ́un, àwọn kan á yọ́ wá fa ẹran wọn jáde lẹ́yìn olùṣọ́. Burleigh, nígbà tó ṣì ń jókòó nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Concord, dìde, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ṣe òfin: ohunkóhun tó bá ti wọ ọgbà ẹran, kò gbọdọ̀ jáde àfi tí olùṣọ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú un jáde. Ẹni tó bá fa nǹkan jáde, tàbí tó fa ara rẹ̀ jáde, láìsí ọwọ́ olùṣọ́, ọdún méje gbáko ni kò ní di ipò kankan mú ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ìbáà ṣe ipò ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ìpàdé.

Mo bi í nígbà kan pé, "Ọnọrébù, kí ló dé tí ẹ fi 'ara rẹ̀' sí i? Ta ló fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó sọnù. "Tí o bá fi ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú òfin," ó ní, "lọ́yà kan á gbabẹ̀ wọlé tòun ti ẹṣin rẹ̀."

Ó ní ọjọ́ tí ilé aṣòfin ń parí ìjókòó ọdún náà ni wọ́n dìbò sí i. Ó ní pàtẹ́wọ́ pọ̀ débi pé eruku ń já láti òkè àjà. Ó ní òun ò tilẹ̀ dúró jẹun, òun fò sórí ẹṣin, ó di Weldon, kí òun lè tètè wá ròyìn fún wa. A gbọ́, a yọ̀, a dìbò fún un. Òfin yẹn ló gbé e dé Wáṣíńtìnì, ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni tó gun ẹran tó ń ṣọ́.

Ìgbà kẹta ló wá ń wá báyìí. Kì í sì í ṣe tara rẹ̀ nìkan. Ní oṣù kejì ọdún náà, ó gba ààyè kúrò ní Wáṣíńtìnì, ó wá gbé Dorcas níyàwó. Opó ni Dorcas, obìnrin tó gbọ́n, tó lówó lọ́wọ́, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò ọkọ. Ohun kan ṣoṣo ló mú un gbà, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wa: "Mo ti gbé ogójì ọdún ó lé mẹ́rin ní Weldon, mo ti rí gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ rí Wáṣíńtìnì." Ọnọrébù ní, "Di ẹrù rẹ." Dorcas di ẹrù lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó. Àpótí náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn láti ìgbà náà, tí ó dì, tí ó tì, tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ń fi orúnkún gbá a. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ò bá fa Burleigh kalẹ̀ nígbà kẹta, ta ni yóò sọ fún Dorcas pé kó tú u? Èmi kọ́.

Ìgbéyàwó yẹn náà ló kó bá a. Ìlú wa ní àṣà kan: ọkùnrin tó bá gbéyàwó láàárín ọdún, bó lówó bó tòṣì, ìpàdé ìlú oṣù kẹta á fi í jẹ Amẹ́lẹ́dẹ̀. Amẹ́lẹ́dẹ̀ ni yóò máa lé ẹlẹ́dẹ̀ tó bá já, òun ni yóò sì rí i pé òrùka wà nímú gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ìlú kí wọ́n má baà máa hú ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ̀rín ni a ń fi í ṣe. Ọkọ ìyàwó á dìde, ojú á tì í, a ó pariwo, á búra, ó parí.

Orrin Fogg ló dìde lọ́jọ́ ìpàdé náà. Lọ́yà ni Fogg, ó tínrín, ó gùn, ohùn rẹ̀ sì mú bí ayùn. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń wá ipò Burleigh bí ológbò tó jókòó ti ihò eku.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "mo fa Ọnọrébù Zadok Burleigh kalẹ̀ fún ipò Amẹ́lẹ́dẹ̀. Ọkọ ìyàwó tuntun ni!"

Ilé hó yèè. Burleigh náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sókè. "Mo gbà! Ẹlẹ́dẹ̀ wo ló lè bà mí lẹ́rù? Ṣebí ilé aṣòfin ní Wáṣíńtìnì ni mo ti ń bọ̀?" Ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ó búra níwájú Ọlọ́run àti akọ̀wé ìlú, ó padà sí Wáṣíńtìnì lọ́sẹ̀ kejì. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹsàn-án, ẹlẹ́dẹ̀ kankan ò rí ojú rẹ̀. Oníkálukú fi òrùka símú ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, abo ẹlẹ́dẹ̀ Dorcas, tó ń jẹ́ Jerusha, tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí mo máa ń kí i tí mo bá pàdé rẹ̀. Dorcas ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan imú Jerusha nígbà tí òun fẹ́ Amẹ́lẹ́dẹ̀ sílé. Amẹ́lẹ́dẹ̀ kọ̀wé láti Wáṣíńtìnì pé, "Ó di lẹ́yìn ìfàkalẹ̀."

Ọjọ́ ìfàkalẹ̀ wá kò. Weldon ni wọ́n gbé ìpàdé ẹgbẹ́ sí, ìlú Burleigh fúnra rẹ̀, ilé ìpàdé tiwa. Aṣojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti gbogbo agbègbè wá. Ẹni tó ń díje kò ní ìbò, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ láti gun orí pẹpẹ, kó sọ̀rọ̀ kan kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ Burleigh: ẹ fún un ní pẹpẹ, ẹ ti fún un ní gbogbo rẹ̀. Ohun kan tún wà. Bí agogo ilé ìpàdé bá ti dákẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà níta ò wọlé mọ́, ẹni tó wà nínú ò jáde, títí wọn á fi rí ẹni tí wọ́n fẹ́. Lọ́dún méjì ṣáájú, àwọn èèyàn Fogg ń jáde láàárín ìbò lọ rọ àwọn aṣojú lọ́tí ní ẹ̀yìn ilé. Ẹnìkan ló dá a lábàá pé kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Ẹ má bi mí ẹni náà. Ó wọ kóòtù dúdú lọ́jọ́ ìfàkalẹ̀ yìí, kóòtù Wáṣíńtìnì, àti fìlà gíga tó ń dán bí ẹ̀yìn ìkòkò tuntun.

Ọ̀nà ilé ìpàdé ni Burleigh ń lọ, tó ń kí èèyàn lọ́tùn-ún lósì, tí agogo ti ń lù, nígbà tí ariwo sọ lábẹ́ igi níbi tí àwọn obìnrin tẹ́ oúnjẹ àwọn aṣojú sí.

"Yéè! Ẹ̀wà mi! Ẹlẹ́dẹ̀ ti wọnú ẹ̀wà mi!"

Jerusha ni. Ó ti já. Imú rẹ̀ gbalasa, kò sí òrùka kankan níbẹ̀, ó ti da tábìlì kan dé, ó ti jẹ páì ápù mẹ́rin, orí rẹ̀ sì wà nínú ìkòkò ẹ̀wà débi etí. Àwọn aṣojú tí wọn ò tíì wọlé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìpàdé, wọ́n ń wo oúnjẹ ọ̀sán wọn bó ti ń lọ.

Fogg gun orí àtẹ̀gùn. Ó la ohùn ayùn rẹ̀:

"Ẹ̀yin ará, ẹ dákun o! Ṣé Weldon ò ní Amẹ́lẹ́dẹ̀ ni? Mo rántí pé ẹnìkan gbé ọwọ́ lé Bíbélì ní oṣù kẹta. Àbí ìbúra tí wọ́n bá ṣe fún wa nílé, tó bá dé Wáṣíńtìnì, ó ti tán?"

"Orrin," Burleigh ní, "o ò rójú rẹ? Ipò ni mo fẹ́ lọ gbà yìí."

"Èyí tí ẹ ti gbà ńkọ́, Ọnọrébù?"

Àwọn aṣojú wo Burleigh. Burleigh wo àwọn aṣojú. Tó bá lọ, ẹrẹ̀. Tí kò bá lọ, Bíbélì. Ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀, ó gbá fìlà mọ́rí, ó bẹ́ sórí ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ gbọ́, èmi tí mò ń kan àgbá, tí ṣọ́ọ̀bù mi sì fara ti ọgbà ẹran, mo ti rí eré o. Mo ti rí kìnnìún inú àgò tí wọ́n gbé kọjá níbí. N kò rí irú èyí rí. Burleigh di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Jerusha mú. Jerusha ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan di òun mú. Wọ́n yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sáré, ó ń wọ́ Ọnọrébù tẹ̀lé ara, ìkòkò ẹ̀wà wà lọ́rí rẹ̀ síbẹ̀, kò sì ríran. Bàbá Asahel Tuttle, olùṣọ́ ọgbà ẹran, ti ṣí ilẹ̀kùn ọgbà sílẹ̀ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti wí. Ìkòkò, ẹlẹ́dẹ̀, Ọnọrébù, fìlà: gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bí ìjì. Asahel ti ilẹ̀kùn. Gbàgà!

Àwọn aṣojú pàtẹ́wọ́. Mo búra fún yín, wọ́n pàtẹ́wọ́! Ó ti wọlé ìbò nígbà yẹn, tó bá jẹ́ pé ó tún lè jáde.

Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni Asahel, etí ọ̀tún rẹ̀ ti lọ, tábà sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tí ẹ ò tíì mọ̀ ni pé òun náà jẹ́ aṣojú: Weldon ń yàn án lọ́dọọdún nítorí pé kì í sọ̀rọ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó ní, "Ó ti wọlé," ó yí padà, ó fi etí ọ̀tún kọ sí ọgbà, ó ń lọ sí ilé ìpàdé pẹ̀lú àwọn yòókù.

"Asahel! Bàbá Asahel! Èmi náà wà níbí!"

Agogo ń lù. Asahel ń lọ.

Mo gun orí àgbá kan, mo yọjú lórí ògiri. Ọnọrébù dìde láti inú ẹrẹ̀, ó dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun.

"Ọnọrébù, ẹ gun ògiri! Ẹ fún mi lọ́wọ́!"

Ó fún mi lọ́wọ́ kan. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé òkúta. Ó gbé ìkejì. Ohùn ayùn wá sọ lẹ́yìn mi:

"'Tàbí tó fa ara rẹ̀ jáde, láìsí ọwọ́ olùṣọ́.'"

Ẹsẹ̀ Burleigh dúró sórí òkúta.

"'Ọdún méje gbáko,'" Fogg ní, ó ti fi èjìká rọ̀ mọ́ ògiri bí ẹni tó wá gba atẹ́gùn. "Ẹ má jẹ́ kí n dí yín lọ́wọ́ o. Ẹ máa bọ̀. Mo kàn ń ka òfin fún ara mi ni. Òfin tó dùn-ún kà. Kò ní ihò kankan, mo ti wá a títí."

"Orrin, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni òfin yẹn!"

"'Ohunkóhun,' Ọnọrébù. Ṣé ẹ kì í ṣe nǹkan ni?"

Burleigh fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní tèmi. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òkúta kan lẹ́yìn òmíràn, ó padà sínú ẹrẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ pàṣẹ. "Lọ pe Asahel fún mi," ó ní. "Sáré. Kó wá fọwọ́ kàn mí péré."

Mo sáré. Mo dé ìdajì pápá.

Agogo dákẹ́.

Ilẹ̀kùn ilé ìpàdé pa dé. Mo lù ú. Ẹnìkan sọ láti inú pé, "Òfin Burleigh! Kò sẹ́ni tó ń wọlé!" Mo ní, "Burleigh gan-an ló rán mi!" Ó ní, "Òun gan-an ló ṣe òfin náà!"

Bí mo ti ń padà bọ̀ ni nǹkan kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ọfà. Fogg ni, kóòtù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn. Òun náà fẹ́ gun pẹpẹ! Ìdùnnú ti jẹ́ kó gbàgbé pé agogo ń lù fún òun náà! Ó fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ lu ilẹ̀kùn.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn! Èmi Fogg ni! Olùdíje ni mí!"

"Òfin Burleigh!"

"Mo takò ó nígbà tí wọ́n ṣe é!"

"Ó wà nínú ìwé pé ẹ takò ó. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

Ẹ̀rín tó ti inú ọgbà ẹran jáde, mo gbọ́ ọ kí n tó dé ìdí ògiri. Ọnọrébù ń fi ọwọ́ méjèèjì lu òkúta, ó ń ké bí àkùkọ. "Orrin! Orrin ọ̀rẹ́ mi! Ìwọ náà ti wọ gàù!" Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Jerusha, tí ìkòkò ti fọ́ kúrò lọ́rí rẹ̀ wàyí, wo fìlà náà, ó yí ìdí sí i, ó jókòó lé e.

Ẹ̀rín tán.

Ọnọrébù wá rò ó pé bí òun ò bá lè dé orí pẹpẹ, pẹpẹ á dé ọ̀dọ̀ òun. Àwọn fèrèsé ilé ìpàdé ṣí sílẹ̀, pápá kékeré ló wà láàárín. Ó gun òkè òkúta kan nínú ọgbà, orí rẹ̀ yọ lókè ògiri, ó na ọwọ́: "Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀! Ẹ̀yin ará agbègbè wa! Ọkùnrin tó dúró níwájú yín yìí, kò sí ẹ̀wọ̀n tó lè dè é! Òmìnira ni mo fi ṣe oúnjẹ, òmìnira ni mo fi ṣe aṣọ…"

Jerusha ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹ̀wà ti tán. Ó figbe ta. Bí Ọnọrébù bá gbóhùn sókè, Jerusha á gbé tirẹ̀ kọjá a. Wọ́n bá ara wọn ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan owó bodè. Àwọn aṣojú bá ti fèrèsé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìyára.

Burleigh wà nínú, Fogg ti padà sẹ́yìn ògiri. Fogg ò kúrò. Ó ní bí òun ò tilẹ̀ wọlé ìbò, òun á jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹsẹ̀ kan tí Burleigh bá gbé jáde láìsí Asahel, ọdún méje. Mo rí i tó ń gbé itọ́ mì, tó ń wo páì tó kù lórí tábìlì, ìrìn ogún ẹsẹ̀ péré. Kò lè lọ. Bó bá lọ, Burleigh á fò jáde. Èmi náà ò lè lọ. Ta ló fẹ́ kí wọ́n wá sọ irú èyí fún òun?

Ìgbà yẹn ni Jerusha dìde. Ó rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ó fi imú tí kò ní òrùka gbá a lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀kùn náà ké kíí, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Kò sí àgádágodo. Kò sí ìdábùú. Kò sí nǹkan kan. Jerusha jáde, ó wo Fogg, ó wò mí, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìyá ìjọ tó ń ti ilé ìpàdé bọ̀.

A bojú wo Burleigh. Ó dúró ní àárín ẹrẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Oòrùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó rí pápá, ó rí ilé ìpàdé, ó rí ojú ọ̀nà Wáṣíńtìnì fúnra rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Ẹ máa bọ̀," Fogg ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe adìẹ.

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí èèyàn nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí wọ́n tì mọ́, ara tù ú díẹ̀: ó lè bú ilẹ̀kùn, ó lè bú kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí fún tí kò lè jáde, ta ni yóò bú? Òógùn ń ṣàn lójú ọkùnrin náà, ó ń la ẹrẹ̀ kọjá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, fún ìgbà díẹ̀.

Dorcas dé, ó ti wọ aṣọ ìrìn àjò. Ó ti pàdé Jerusha lọ́nà.

"Ọ̀gbẹ́ni Burleigh," ó ní, "ẹlẹ́dẹ̀ mi dé ilé, hóró ẹ̀wà wà létí rẹ̀. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n tì mí mọ́ ni, Dorcas."

Dorcas wo ilẹ̀kùn. "Ó ṣí."

"Mo mọ̀ pé ó ṣí!"

"Ẹ jáde nígbà náà."

"N kò lè jáde. Òfin ni."

"Òfin ta ni?"

Fogg bá Burleigh dáhùn: "Tiwọn ni, ìyáàfin."

"Mo fẹ́ ọkùnrin kan," Dorcas ní, kò tilẹ̀ bínú, "tí ẹlẹ́dẹ̀ mi fi ọgbọ́n jù lọ. Ṣé àwọn tó wà nílé aṣòfin náà rí bẹ́ẹ̀? Torí kí n mọ̀ bóyá kí n máa gbé àpótí náà lọ."

"Ó ku díẹ̀, Dorcas mi. Asahel á jáde, á fọwọ́ kàn mí, ó tán. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ṣèlérí ìbò fún mi. Àpótí rẹ á lọ."

Dorcas mú páì kan lórí tábìlì, ó jókòó sórí àgbá mi, ó ń jẹ ẹ́ níwájú Fogg. N kò rí ìyà tó ju ìyẹn lọ lójú lọ́yà rí.

Ọ̀sán rọ̀ kí ilẹ̀kùn ilé ìpàdé tó ṣí. Àwọn aṣojú ń tú jáde, ebi hàn lójú wọn, kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ wa tààrà. Asahel ló ṣíwájú, ó ń rọra rìn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́.

"Bàbá Asahel!" Burleigh ké. "Ẹ yára! Ẹ wá mú mi jáde! Ta ni wọ́n fà kalẹ̀?"

Asahel dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó tutọ́ tábà sílẹ̀.

"Ìgbà mẹ́sàn-án ni a dìbò," ó ní. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún yín, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Fogg, lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Èmi ò kọ orúkọ kankan. Mo gbàgbé awò ojú mi sílé."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Fogg ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun àti Burleigh jọ bèèrè é lẹ́ẹ̀kan náà.

"Lẹ́yìn náà, ẹnìkan yọjú lójú fèrèsé. Ó ní ọ̀kan ń gbé pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀, èkejì ń ṣọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ẹni kan ṣoṣo tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lónìí ni ẹni tó ti ilẹ̀kùn ọgbà. Ni gbogbo wọn bá bojú wò mí." Ó yí fìlà lọ́wọ́. "Wọ́n ní kí n máa lọ sí Wáṣíńtìnì."

Dorcas nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ ìrìn àjò, ó dìde, ó gba ilé lọ. Láìpẹ́ a gbọ́ àpótí tó ń wọ́ nílẹ̀ padà wọ iyàrá, kíí, kíí.

Fogg fi ara ti ògiri. Burleigh di òpó ilẹ̀kùn mú. Ó ti pàdánù gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí kò fẹ́ pàdánù: ìdìbò ọdún tó ń bọ̀ wà níwájú, kò sì fẹ́ ọdún méje. Ó na ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ sí olùṣọ́ ọgbà.

"Asahel, fọwọ́ kàn mí. Fi ọwọ́ rẹ fà mí jáde, lójú Fogg, bí òfin ti wí."

Asahel gba ọwọ́ náà, nítorí pé ọmọlúàbí ni, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń kíni. Ó fà á, Ọnọrébù jáde.

"Òfin wo?" Asahel ní.

"Tèmi! Òfin ọgbà ẹran! Ohunkóhun tó bá wọlé…"

"Áà. Ìyẹn." Asahel yí tábà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. "Nígbà tí mo gba iṣẹ́ yìí mo kọ̀wé sí Concord pé kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́, kí n lè kàn án mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kò sí. Gómìnà ò fọwọ́ sí i. Ó ti lọ pẹja lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, ìjókòó ọdún náà sì ti parí, ni kò ṣe di òfin."

Fogg kọjú sí i. "Ọdún kẹjọ rèé tí ẹ ti ń ṣọ́ ọgbà yìí," ó ní. "Ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan?"

"Ẹ ò bi mí," Asahel wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.